Ẹ́ńjìnnì tó ń kú tó tún ń jí lójú títì: Ẹni tí mọ́tò ń bá ṣòwò kò gbọdọ̀ fojú kéré rẹ̀

Bí mọ́tò tó ń kó búrẹ́dì tàbí omi inú ọ̀rá lọ fún àwọn oníbàárà bá kú pátápátá sójú ọ̀nà, kò sẹ́ni tó máa bá olówó rẹ̀ jiyàn pé wàhálà ti dé. Wọn yóò pe mẹkáníìkì, wọn yóò wá ọkọ̀ tó máa wọ́ ọ kúrò níbẹ̀, ọjà ọjọ́ náà sì lè bàjẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló mọ̀ pé mọ́tò ti dẹnu kọlẹ̀. Èyí tó ń tan àwọn oníṣòwò jẹ yàtọ̀ síyẹn. Mọ́tò wà lórí eré, ẹ́ńjìnnì ṣàdédé dákẹ́, dírẹ́bà yí kọ́kọ́rọ́, ó tún jí, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí dírẹ́bà yóò bá fi padà délé lálẹ́, ó ti gbàgbé. Bó bá tiẹ̀ rántí sọ fún ọ̀gá rẹ̀, èsì tó sábà máa ń gbà ni pé, "Ṣé kò kúkú ti ń ṣiṣẹ́ báyìí?"

Lóòótọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ díẹ̀ ni àìsàn mọ́tò tó léwu tó ẹ́ńjìnnì tó ń kú lórí eré tó sì ń jí padà, nítorí pé ohun tó fà á ṣì wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó ti máa tún ṣẹlẹ̀. Ó lè jẹ́ níwájú ilé. Ó sì lè jẹ́ lórí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí tírélà tó ru sìmẹ́ńtì wà lẹ́yìn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ dírẹ́bà

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé ẹ́ńjìnnì kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó yí táyà lọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Òun ló ń ran ẹsẹ̀ dírẹ́bà lọ́wọ́ lórí bíréèkì, òun náà ló sì ń ran ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ lórí sitiárìn. Lẹ́yìn pẹ́dà bíréèkì ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ń lo bẹntiróòlù, ohun kan wà tó rí roboto bí ìkòkò pẹlẹbẹ, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní búsítà. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa afẹ́fẹ́ sínú ara rẹ̀ ló ń fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú ìkòkò yìí, agbára tí ìyẹn ń mú wá ló sì ń jẹ́ kí ẹni tí kò lágbára rárá lè fi ẹsẹ̀ kan dá bọ́ọ̀sì tó kún fún ẹrù dúró.

Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ìwọ̀nba agbára tó ti wà nílẹ̀ nínú búsítà kò ní tán lójú ẹsẹ̀. Ó ṣì lè tó fún ìtẹ̀mọ́lẹ̀ kan sí mẹ́ta. Ibẹ̀ gan-an ni jàǹbá ti ń bẹ̀rẹ̀, torí pé nígbà tí àyà dírẹ́bà bá já, ohun tó máa ń ṣe ni pé yóò máa tẹ bíréèkì ní àtẹ̀tẹ̀tún. Títẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹta tàbí ìkẹrin, pẹ́dà náà á ti le bí òkúta. Dírẹ́bà á wá figbe ta pé bíréèkì ti já. Bíréèkì kò já o. Ó wà níbẹ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ nìkan ló kù tó ń ṣe iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì jọ ń ṣe tẹ́lẹ̀, àfi kéèyàn fi gbogbo agbára rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ èyí, torí náà wọn a ṣíwọ́ títẹ̀ rẹ̀ nígbà tó yẹ kí wọ́n dìde lé e.

Bákan náà ni ti sitiárìn. Nínú ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì àti mọ́tò àtijọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lójú títì wa, pọ́ǹpù kan tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ń yí ló ń mú un fúyẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá dákẹ́, sitiárìn yóò wúwo lójijì. Yóò ṣì yí, ṣùgbọ́n dírẹ́bà tó fi ọwọ́ kan dì í mú, tó fi ọwọ́ kejì di fóònù mú, kò ní lè yí i tó bó ṣe yẹ.

Ìṣirò kan wà tó yẹ kí gbogbo olówó mọ́tò mọ̀. Mọ́tò tó bá ń sá eré kìlómítà 80 ní wákàtí kan ń rin nǹkan bíi mítà 22 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Kí dírẹ́bà tó wí pé "kí ló dé?", ó ti kọjá ilé méjì. Èyí tó tún burú ni pé bí ẹ́ńjìnnì bá kú, mọ́tò yóò máa dẹwọ́ eré, ṣùgbọ́n iná pupa ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní tàn níwọ̀n ìgbà tí dírẹ́bà kò bá tíì tẹ bíréèkì. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ti ṣẹlẹ̀, àfi ìgbà tó bá ti sún mọ́ ọn jù.

Ní ti ọkọ̀ ńlá tó ń lo bíréèkì oní-afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ti pọ̀n sínú táǹkì ni dírẹ́bà yóò máa ná. Bó bá ná an tán, sípíríǹgì inú bíréèkì á di táyà mú fúnra rẹ̀, ọkọ̀ náà á sì dúró gbagidi síbi tó bá wà, ìbáà jẹ́ àárín títì.

General Motors náà pè é ní ìnira lásán

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti ń fojú kéré ọ̀rọ̀ yìí. Iléeṣẹ́ General Motors ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan lára àwọn tó tóbi jù tó ń ṣe mọ́tò lágbàáyé, ṣe ohun kan náà, ó sì san owó gọbọi lé e lórí. Mọ́tò kéékèèké bíi Chevrolet Cobalt àti Saturn Ion ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Súwíìṣì tí wọ́n ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ nínú wọn kò dúró gbọn-in. Bí ìdè kọ́kọ́rọ́ bá wúwo, tàbí tí mọ́tò bá já sí kòtò, tàbí tí orúnkún dírẹ́bà bá gbá kọ́kọ́rọ́ náà, yóò yọ̀ kúrò ní ipò tó yẹ kó wà, ẹ́ńjìnnì á sì kú lórí eré.

Nígbà tí ẹ̀sùn yìí ń dé etígbọ̀ọ́ iléeṣẹ́ náà láti nǹkan bíi 2004, ìnira fún oníbàárà ni wọ́n kà á sí, wọn kò kà á mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Èrò wọn ni pé dírẹ́bà ṣì lè fi mọ́tò yà sí ẹ̀gbẹ́ títì kó sì tún un tan. Anton Valukas, lọ́yà tí General Motors fúnra rẹ̀ gbé ìwádìí lé lọ́wọ́, sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìjábọ̀ rẹ̀ ní 2014. Ohun tí ojú wọn fò ni pé bí kọ́kọ́rọ́ náà bá ti yọ̀, iná tó ń lọ sí àpò afẹ́fẹ́ tó máa ń tú jáde gba dírẹ́bà láyà nígbà ìjàǹbá náà ti gé nìyẹn. Bíréèkì le, sitiárìn wúwo, bí mọ́tò bá sì wá forí sọ igi, àpò afẹ́fẹ́ kò ní jáde.

February 2014 ni iléeṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn mọ́tò náà padà fún àtúnṣe, iye wọn sì wọ nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.6. Èèyàn 124 ni ètò owó gbà-má-bínú tí wọ́n gbé kalẹ̀ gbà pé wọ́n bá ọ̀rọ̀ náà lọ, 275 sì fara pa. Ní September 2015, General Motors gbà láti san mílíọ̀nù 900 dọ́là fún ìjọba Amẹ́ríkà, yàtọ̀ sí owó àwọn ẹbí tó pàdánù èèyàn wọn. Páàtì tó fa gbogbo rẹ̀ kò tó dọ́là kan.

Ọ̀rọ̀ yìí kan oníṣòwò tó wà ní Òṣogbo tàbí Abẹ́òkúta lọ́nà méjì. Àkọ́kọ́ ni pé tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ mọ́tò tó ń wọlé fún iṣẹ́, Amẹ́ríkà sì ni púpọ̀ nínú wọn ti ń bọ̀. Bí iléeṣẹ́ tó ṣe mọ́tò kan bá pè é padà fún àtúnṣe lọ́hùn-ún, tí ẹni tó ni ín nígbà náà kò dá a lóhùn, bí mọ́tò náà ṣe máa gúnlẹ̀ sí èbúté Tincan nìyẹn pẹ̀lú àìsàn rẹ̀ lára. Gbogbo mọ́tò ìgbàlódé tó ti Amẹ́ríkà wá ló ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó jẹ́ lẹ́tà àti fígọ̀ 17, ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú ní apá òsì lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ lè tẹ nọ́ńbà yìí sórí ìkànnì NHTSA, àjọ tó ń bójú tó ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, lọ́fẹ̀ẹ́, yóò sì sọ bóyá àtúnṣe kan wà tí wọn kò tíì ṣe lára rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó mọ́tò ló yẹ kí ẹ ṣe èyí. Fóònù lásán ti tó o.

Èkejì kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Àwọn oníṣòọ̀bù wa fẹ́ràn kí wọ́n so kọ́kọ́rọ́ ìta, ti ẹ̀yìnkùlé, ti fíríṣà, ti ilé àti páádì mẹ́ta mọ́ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, kó máa dún jangiljangil nídìí sitiárìn. Súwíìṣì mọ́tò tó ti pẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn ti jẹ dáadáa, ẹrù yẹn sì ń fà á lójoojúmọ́. Ẹ tú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò kúrò nínú rẹ̀.

Ibi tí àìsàn náà ti ń wá nílẹ̀ wa

Epo ni àkọ́kọ́. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ní May 2023, tí owó rẹ̀ sì fò sókè, ọ̀pọ̀ ni kò ra epo kún táǹkì mọ́. Wọ́n ń rà á díẹ̀díẹ̀, iná pupa epo kì í sì í kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù wọn. Ohun tó yẹ kí wọ́n mọ̀ ni pé inú táǹkì ni pọ́ǹpù epo ọ̀pọ̀ mọ́tò ìsinsìnyí wà, epo tó yí i ká ló sì ń mú un tutù. Bí epo bá ń wà nísàlẹ̀ nígbà gbogbo, pọ́ǹpù yóò máa gbóná, yóò máa fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ táǹkì, bí mọ́tò bá sì ń gun òkè tàbí tó ń yí kọ́nà, epo á sún kúrò lẹ́nu rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì pa. Bí epo kò bá ti sọ̀ kalẹ̀ ju ìdá mẹ́rin táǹkì lọ, ìyà yìí dín kù. Owó náà kò sì sọnù, torí epo inú táǹkì kì í ṣègbé.

Epo tí kò dára náà wà. Ní February 2022, bẹntiróòlù tí wọ́n kó wọlé láti òkèèrè, tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀, dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta epo, ó ba mọ́tò àti jẹnẹrétọ̀ àwọn èèyàn jẹ́, ọ̀wọ́n-gógó epo sì tẹ̀lé e. Irú ìyẹn kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ ni epo inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà, tí omi àti ìdọ̀tí lè wà nínú rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í já lẹ́yìn tí wọ́n ra epo tuntun, kí dírẹ́bà sọ ibi tó ti rà á kó tó sọ ohunkóhun mìíràn.

Èyí tó ń dá àwọn mẹkáníìkì lágara jù ni ohun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní crank sensor. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa sọ fún kọ̀ǹpútà mọ́tò bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, kó lè mọ ìgbà tó yẹ kó da epo àti iná sí i. Bó bá ti ń darúgbó, ara gbígbóná ni kì í fẹ́. Mọ́tò yóò rin wákàtí kan, yóò gbóná, yóò kú. Bó bá sinmi fún ìdajì wákàtí tó sì tutù, yóò jí bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Nígbà tí wọ́n bá fi gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ó ti tutù, mẹkáníìkì á tan án títí, kò ní rí nǹkan kan. Á wá pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, á fọ fílítà, á gbowó, àìsàn náà á sì padà ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Mẹkáníìkì náà lè má jẹ́ olè. Wọn kò sọ ohun tó yẹ kó mọ̀ fún un ni.

Ìdí nìyí tí ìwé kékeré kan fi yẹ kó wà nínú gbogbo mọ́tò tó ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá kú, kí dírẹ́bà kọ ọ́ sílẹ̀: ṣé ó ti rìn jìnnà kó tó kú, mélòó ni epo kù, ṣé òkè ló ń gùn, ṣé òjò ń rọ̀, ṣé ó jí lójú ẹsẹ̀ àbí ó dìgbà tó tutù, iná wo ló tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Mẹkáníìkì tó bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka kọ̀ǹpútà mọ́tò yóò fi ìlà mẹ́fà yẹn ṣe ohun tí ẹlòmíràn kò ní rí ṣe lọ́jọ́ mẹ́ta.

Ti bátìrì kò gùn. Bí mọ́tò bá kú, tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù náà kú pa pọ̀, rewáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kó wo orí bátìrì bóyá ó ti dẹ̀, kó sì wo ẹ̀rọ tó ń ṣájì rẹ̀. Ní ti páàtì, pọ́ǹpù epo àti sensor tòkunbọ̀ pọ̀ ní Ládípọ̀ l'Ékòó àti ní Aráròmí, Gate, n'Ìbàdàn, owó wọn sì rọjú. Àmọ́ ohun tó ti darúgbó lára mọ́tò ẹlòmíràn ni wọ́n tún fẹ́ rà. Páàtì méjì yìí wà lára àwọn tó yẹ kéèyàn san owó tuntun lé.

Owó ibẹ̀

Ká sọ pé bọ́ọ̀sì kan ń mú èrè N20,000 wọlé lójúmọ́, mẹkáníìkì sì ní kí wọ́n mú N70,000 wá, kí wọ́n sì fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Gbogbo ohun tí yóò ná olówó rẹ̀ jẹ́ N110,000. Ó dun èèyàn. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá gbá a nídìí nítorí pé ó kú lójijì, kódà kí ẹnikẹ́ni má fara pa, ọjọ́ mẹ́wàá lọ́dọ̀ panẹ́ẹ̀lì bítà ti kó èrè N200,000 lọ, kí wọ́n tó dárúkọ owó iṣẹ́, owó ọkọ̀ tó wọ́ ọ, ẹrù tó bàjẹ́, àti oníbàárà tó ti lọ ra ọjà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn tí kò sì padà mọ́.

Ìbánigbófò tó kéré jù, èyí tí òfin sọ pé gbogbo mọ́tò gbọ́dọ̀ ní, kò sì ní san èyíkéyìí nínú wọn. Láti January 2023 ni àjọ NAICOM ti sọ owó rẹ̀ di N15,000 fún mọ́tò aládàáni, ti àwọn ọkọ̀ iṣẹ́ kan sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí mọ́tò yín bá ṣe ní jàǹbá ni ó wà fún, kì í tún mọ́tò tiyín ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n tún tirẹ̀ náà ṣe ní láti ra èyí tó gbòòrò, kó sì ka ohun tí ìwé rẹ̀ sọ nípa ọkọ̀ tí olówó rẹ̀ ti mọ̀ pé ó ní àbùkù kó tó jáde.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ti ń kó ara wọn síṣòro ni ọwọ́ tí wọ́n fi ń mú dírẹ́bà. Dírẹ́bà tó gbọ́dọ̀ dá iye owó kan lójoojúmọ́, tí ọ̀gá kò sì ní yọ kọ́bọ̀ kúrò nínú rẹ̀ bí mọ́tò bá dúró lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kò ní sọ pé ẹ́ńjìnnì ń kú. Yóò máa fi ọgbọ́n wà á ni. Ọ̀gá tó bá fẹ́ gbọ́ òótọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kó yé dírẹ́bà pé ọjọ́ tí mọ́tò bá wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì nítorí irú èyí, kò ní dá owó.

Bó bá wá ṣẹlẹ̀ lórí eré

Kí dírẹ́bà di sitiárìn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kó tan iná tó ń ṣẹ́jú lápá òsì àti ọ̀tún lójú ẹsẹ̀, kó sì lo eré tó kù lára mọ́tò láti yà sí apá ọ̀tún títì. Kó tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan, kó tẹ̀ ẹ́ gidi, kó má sì gbé ẹsẹ̀ kúrò títí mọ́tò yóò fi dúró. Bí kò bá sí àyè láti dúró, tí mọ́tò náà sì jẹ́ èyí tó ń yí jíà fúnra rẹ̀, kó sún jíà sí N, kó tún un tan bó ṣe ń lọ. Onígíà ọwọ́ yóò tẹ kílọ́ọ̀ṣì kó tó yí kọ́kọ́rọ́. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe láéláé ni kó yí kọ́kọ́rọ́ padà dé ìpẹ̀kun tàbí kó fà á yọ nígbà tí táyà ṣì ń yí, torí pé sitiárìn lè tì pa.

Bí mọ́tò bá ti dúró, kí gbogbo èèyàn sọ̀ kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tí ọkọ̀ kò ti ń kọjá, kí wọ́n sì jìnnà sí i. Kí wọ́n gbé C-caution sẹ́yìn níbi tó jìnnà tó kí ẹni tó ń sáré bọ̀ lè rí i kó tó dé. Ewé tútù tí àwọn kan máa ń já sílẹ̀ kò hàn lálẹ́. Nọ́ńbà 122 ni ti àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC, ọ̀fẹ́ ni. L'Ékòó, 767 tàbí 112 ni wọ́n ń pè fún ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì.

Lọ́jọ́ tí mẹkáníìkì bá sọ pé iṣẹ́ ti parí, kí ẹ má dí ẹrù sínú mọ́tò náà lójú ẹsẹ̀. Kí òun fúnra rẹ̀ jókòó síwájú, kí dírẹ́bà wà á lófìfo títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná dáadáa, ní ọ̀nà tí ọkọ̀ kò pọ̀ sí, kí wọ́n pa á, kí wọ́n tún un tan nígbà tó ṣì gbóná, kí wọ́n sì tún rin ìrìn kan náà lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó san ìyókù owó rẹ̀.